Creatinine ẹ̀gbọ́n mi gòkè lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun: ṣé kí wọ́n dá a dúró?

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 58 ni wọ́n, ó sì ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá wọn fínra. Metformin àti glibenclamide ni wọ́n ń lò fún ṣúgà, wọ́n sì ń lo hydrochlorothiazide fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí wọ́n ṣàkíyèsí pé ìtọ̀ àwọn ń hó, tí ìfofò rẹ̀ kì í sì í tètè pòórá, dókítà ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò. Creatinine, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù, jẹ́ 1.7 mg/dL; eGFR, ìyẹn ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó, jẹ́ 46; albumin inú ìtọ̀, ìyẹn purotéènì tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀, sì jẹ́ 420 mg/g. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò yí padà. Dókítà wá fi losartan kún oògùn wọn.

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ losartan, creatinine ti di 1.9, eGFR ti di 40, potassium sì jẹ́ 4.8. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn yẹn ló ń ba kíndìnrín àwọn jẹ́, àwọn kò sì ní fi kan ẹnu mọ́. Ohun tó tún ń jẹ́ ìyàlẹ́nu ni pé ṣúgà wọn tó máa ń ga tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á jí ní ìdájí, òógùn á bò wọ́n, ọwọ́ wọn á sì máa gbọ̀n, síbẹ̀ inú wọn ń dùn pé àtọ̀gbẹ ti ń kúrò lára àwọn. Ọjọ́ tí a óò padà rí dókítà ṣì jìnnà. Ṣé kí wọ́n dá losartan dúró ná?

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dá a dúró fúnra wọn. Láti 1.7 sí 1.9 jẹ́ ìlọsókè nǹkan bíi 12 nínú 100. Àwọn dókítà kíndìnrín kì í sábà tìtorí ìlọsókè tí kò ju 30 nínú 100 lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, dá irú oògùn yìí dúró, bí potassium kò bá ti ga jù. Kò sí ohun tó burú nínú 4.8 tí ẹ kọ yẹn.

Kíndìnrín kún fún asẹ́ kéékèèké tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Àtọ̀gbẹ máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú asẹ́ wọ̀nyí pọ̀ jù, albumin á máa jò sínú ìtọ̀, asẹ́ náà á sì máa gbó díẹ̀díẹ̀. Losartan máa ń fẹ ojú òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú asẹ́, kí ìfúnpá náà lè rọlẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀, iye tí asẹ́ ń sẹ́ á dín kù díẹ̀, creatinine á sì gòkè díẹ̀. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Nínú ìwádìí RENAAL tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, tí aláìsàn 1,513 tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kópa nínú rẹ̀, kíndìnrín àwọn tó lo losartan kò tètè bàjẹ́ tó ti àwọn tí kò lò ó.

Ní tèmi, albumin 420 inú ìtọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju eGFR 40 lọ. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 30.

Apòògùn

Ohun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà sọ nípa losartan tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdájí yẹn ló jẹ́ kánjúkánjú. Àtọ̀gbẹ kò lọ ibì kankan. Kíndìnrín wà lára ohun tó ń palẹ̀ insulin (èròjà inú ara tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) àti glibenclamide mọ́ kúrò nínú ara, nítorí náà bí agbára rẹ̀ bá ń dín kù, oògùn tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń lò láìséwu á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ jù lára wọn, ṣúgà á sì já wálẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì jẹun. Òógùn àti ọwọ́ gbígbọ̀n ni àmì rẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, bí kò bá sì tó 70 mg/dL, kí wọ́n mu ohun tó ní ṣúgà lójú ẹsẹ̀. Ẹ pe ilé ìwòsàn lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, nítorí àwọn oògùn mìíràn wà tí dókítà lè fi rọ́pò glibenclamide. Ẹ tún béèrè nípa metformin, nítorí bí eGFR bá ti wà lábẹ́ 45, ó yẹ kí wọ́n tún ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ wò, bó bá sì wá sábẹ́ 30, wọn kì í lò ó mọ́.

Ǹjẹ́ wọ́n ń lo oògùn ìrora kankan?

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Wọ́n máa ń lo diclofenac nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Wọn kò sọ fún dókítà, torí wọ́n ní oògùn tí ènìyàn lè rà fúnra rẹ̀ kì í ṣe oògùn gidi.

Apòògùn

Háà! Ẹ gba diclofenac náà lọ́wọ́ wọn. Òun àti ibuprofen máa ń fún òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú asẹ́ pa, losartan sì ń fẹ èyí tó ń gbà jáde, bẹ́ẹ̀ ni hydrochlorothiazide ń dín omi ara kù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, pàápàá nígbà tí ènìyàn ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kíndìnrín lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ó ṣeé ṣe kí diclofenac lọ́wọ́ nínú 1.9 tí ẹ ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru losartan. Paracetamol, ní ìwọ̀n tó tọ́, ló sàn fún orúnkún náà.

Ọmọ Ẹgbẹ́ Kan

Èmi náà ní àrùn kíndìnrín tí àtọ̀gbẹ ń fà yìí. Kí wọ́n má gbọ́ tẹni tó bá ní kí wọ́n máa mu omi lámujù kó lè fọ kíndìnrín, omi kò tún asẹ́ tó ti gbó ṣe. Ní ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, eGFR 40 ṣì jìnnà sí i, nítorí ó di ìgbà tí eGFR bá ti wá sábẹ́ 15 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó sábà máa ń wáyé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá dapagliflozin tàbí empagliflozin, àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tó tún ń dáàbò bo kíndìnrín, yẹ wọ́n, kí ẹ sì mọ̀ ṣáájú pé àwọn náà lè mú kí eGFR rẹlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n má baà tún fà sẹ́yìn. Kí wọ́n yẹ ojú wọn wò pẹ̀lú, nítorí àtọ̀gbẹ tó ti dé kíndìnrín sábà máa ń wà lẹ́yìn ojú. Bí dókítà kò bá rí i níbẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ó lè wá ohun mìíràn tó ń fa àrùn náà.

Olùbéèrè

Mo ti pe ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí wọ́n má lo glibenclamide mọ́ títí a ó fi dé lọ́la, kí wọ́n sì máa lo losartan lọ. Mo ń kó gbogbo oògùn inú ilé wọn jọ báyìí kí dókítà lè fojú ara rẹ̀ rí i, títí kan èyí tí wọ́n ní kì í ṣe oògùn.