Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìyá mi ní ásíìdì ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn

Ọmọ Aláṣọ-Òkè:
Ẹ kú ilé o. Obìnrin kan ló ń ta omi "alkaline", èyí tí wọ́n ní ó ń pa ásíìdì, fún ìyá mi. Ó kán nǹkan sínú ife omi méjì lójú wọn: pure water di yẹ́lò, tiẹ̀ dúdú bí aró. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí nìyẹn, yẹ́lò. Láti ọjọ́ náà wọn ò jẹ ọsàn mọ́, wọn ò fi tòmátì sebẹ̀, owó oúnjẹ tí mò ń fi ránṣẹ́ ti di owó omi. Mo gbé ìgò náà kúrò nílẹ̀, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí àwọn kú ni. Báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Inú ikùn lomi yẹn máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ásíìdì ibẹ̀ sì mú ju ti ọsàn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá kì í kúrò láàárín pH (òṣùwọ̀n ásíìdì) 7.35 sí 7.45, ọsàn ò lè yí i. Àìsàn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ tí wọn ò tọ́jú lè yí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn nìyẹn o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi inú ìgò.

Tíṣà Kẹ́mísìrì:
Obìnrin yẹn ò purọ́ nípa àwọ̀. Pure water kàn ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní alágbàtà, ohun tí kì í jẹ́ kí ásíìdì díẹ̀ tètè yí nǹkan. Ẹ̀jẹ̀ ní in: bọ́fà là ń pè é. Báíkábọ́nétì, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, á gba ásíìdì tó bá pọ̀, á sọ ọ́ di ásíìdì kábọ́níìkì tí kò lágbára. Ìyẹn á tú sí omi àti gáàsì, a ó mí gáàsì náà síta. Bí ásíìdì bá sì wọ́n, ásíìdì kábọ́níìkì tó wà nílẹ̀ á tú ásíìdì díẹ̀ jáde. Kíndìnrín ló ń ṣe báíkábọ́nétì tuntun dípò èyí tó lọ.

Ẹ ṣe é lójú wọn. Ẹ po ṣíbí tíì kan baking soda (báíkábọ́nétì náà ló wà nínú rẹ̀; kì í ṣe powder o!) sínú ife omi kan, ẹ fi omi lásán sí ìkejì. Ẹ kán zóbò sí méjèèjì: omi lásán á pọ́n, onísódà á dà bí aró. Kí màmá wá máa kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí onísódà. Á máa hó, àwọ̀ rẹ̀ ò sì ní tètè yí. Gáàsì tí à ń mí síta gan-an ló ń hó yẹn.

Àǹtí Àgbà:
Má pe obìnrin yẹn ní olè lójú wọn. Àwọn ni wọ́n pè é wọlé.

Ọmọ Aláṣọ-Òkè:
Mo dé o. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kán an. Nígbà tó di ẹ̀kán kẹtàdínlógún tí kò pọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn náà lágídí báyìí. Ìgò omi ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n tòmátì wọ ọbẹ̀ lónìí.