Odò Ògùn: òkè ló ti ń sáré jù ni, àbí ìsàlẹ̀?

Ọmọ Òkè-Ògùn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lápá Ṣakí, níbi tí Odò Ògùn ti ṣẹ̀, ni wọ́n ti tọ́ mi. Nígbà òjò, omi náà á máa hó láàárín àpáta, a ò ní gbọ́ ohùn ara wa. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, orí òkúta la máa ń tẹ̀ kọjá, bàtà wa ò ní tutù. Ìṣẹrì ni mo ń gbé báyìí. Odò kan náà nìyí, ó fẹ̀, ó pọ́n, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo sọ fún ọmọ mi pé ó ti rẹ odò náà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní, "Dádì, kí ló wá ń gbé ewé yẹn sáré tó bẹ́ẹ̀?" Ẹnu mi wọhò. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ti ń yára jù?

Tíṣà Jọ́gíráfì
Àbúrò, ẹ bá mi yin ọmọ yẹn. Ariwo kọ́ ni eré. Lókè, omi ò jìn, òkúta sì pọ̀: ó kọlu èyí, ó ha mọ́ tọ̀hún, ó ń pòyì lẹ́yìn àpáta. Ibi kan ń ta pọ́ún, ibi kejì dúró sójú kan. Nísàlẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn odò mìíràn ti wọ inú rẹ̀, Ọ̀yán sì wà lára wọn. Ó wá jìn, ìdí rẹ̀ di yanrìn àti ẹrẹ̀, ohun tó ń dá omi dúró sì dín kù. Luna Leopold, onímọ̀ nípa odò, ará Amẹ́ríkà, fi ìwọ̀n ọ̀pọ̀ odò ilẹ̀ wọn hàn ní 1953 pé eré omi kì í sábà dín bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó tiẹ̀ máa ń lé díẹ̀.

Awayanrìn
Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá Tíṣà. Ojú odò ló rọ̀. Tí mo bá ti ọ̀pá ọkọ̀ bọ ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ènìyàn ń fà á lọ́wọ́ mi ni. Yanrìn wa kúnná. Òkúta tí ẹ̀ ń tẹ̀ ní Ṣakí ò lè dé ibí láìfọ́. Ṣùgbọ́n lápá Agbóyì, tí omi ọ̀sà bá ń wọlé, odò á rọra dúró.

Tíṣà Jọ́gíráfì
Ó ṣeun gan-an, ibi ọ̀sà yẹn yàtọ̀. Àbúrò, ẹ ju ọsàn sí àárín odò, kí ọmọ dúró ní ogójì ẹsẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ máa kà. Ẹ ṣe é ní Ṣakí náà.

Ọmọ Òkè-Ògùn
Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti ra ọsàn mẹ́fà. A fi mẹ́ta pa mọ́ de ìgbà tí a bá lọ sílé.