Ford F-250 àlòkù méjì ni mò ń wò: díṣẹ́lì 6.0 ti 2006 àbí pẹtiróòlù 6.2 ti 2012?

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo fẹ́ ra pikọ́ọ̀pù alágbára tí yóò máa fa tírélà kékeré tí ẹ̀rọ ìwalẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ àti tírélà lápapọ̀ jẹ́ 4,200 kg. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, nǹkan bí 40 km ni, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni yóò máa wà nínú ọkọ̀.

Méjì ni mo rí. Ọ̀kan jẹ́ F-250 ti 2006, díṣẹ́lì Power Stroke 6.0, 4x4, mítà rẹ̀ wà ní 238,000 km. Ẹni tó ń tà á ní wọ́n ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, pé kò sí wàhálà kankan mọ́. Èkejì jẹ́ F-250 ti 2012, pẹtiróòlù V8 6.2, 4x4 náà ni, 196,000 km. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Díṣẹ́lì ni ọkàn mi ń fà sí nítorí agbára. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Bàbá Dísù:
Àbúrò, má tíì kó owó jáde. Ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sọ fún ọ yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Nínú 6.0, tí wọ́n fi sínú Super Duty (ìdílé F-250 yìí) láti 2003 dé 2007, oil cooler, èyí tó ń fi omi tu ọ́ìlì lára, ni àìsàn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Oil cooler yìí wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì méjèèjì, ní ìsàlẹ̀ intake (ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), níbi tí ojú ò ti lè tó o. Ihò tí omi ń gbà nínú rẹ̀ tín-ín-rín. Bí omi rédíétọ̀ bá ti gbó, tàbí tí wọ́n ti da oríṣi méjì pọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ á lọ dì síbẹ̀, àti yanrìn tó ṣẹ́kù sínú irin láti ìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́. Omi tó bá sì gba oil cooler kọjá ni EGR cooler, èyí tó ń tu èéfín tí wọ́n ń dá padà sínú ẹ́ńjìnnì lára, ń rí lò. Bí omi ò bá dé ibẹ̀ tó mọ́, èéfín gbígbóná á mú ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ hó, EGR cooler á bẹ́, omi á máa wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ẹ ó rí èéfín funfun tó ń rùn bí omi rédíétọ̀. Bí wọ́n bá tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ báyìí, orí ẹ́ńjìnnì á gbéra, nítorí bóòlùtì mẹ́rin péré ló yí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ká. Ẹ́ńjìnnì díṣẹ́lì 7.3 tó ṣíwájú rẹ̀, mẹ́fà ló ní.

Ohun tí wàá bi ẹni tó ń tà á nìyí: nígbà tí ẹ pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ṣé ẹ pààrọ̀ oil cooler pẹ̀lú? EGR cooler ńkọ́? Ṣé bóòlùtì tó máa ń nà ni ẹ dá padà, àbí ẹ fi stud (ọ̀pá onínọ́ọ̀tì tó lágbára ju bóòlùtì lọ) sí i? Ṣé wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ wọ̀n bóyá ó tẹ̀? Ìwé rísíìtì ni kí wọ́n fi dáhùn, má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí wọ́n bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá oil cooler àtijọ́ padà, ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá ni wọ́n.

Atúbọ́nẹ́ẹ̀tì:
Bàbá ti sọ̀rọ̀ tán lórí oil cooler, ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ḿbà sí i. Ẹ mú scanner tó lè ka ìwọ̀n ooru ọ́ìlì (EOT) àti ti omi (ECT) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí tí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ wá gbé e sórí títì tó tẹ́jú, ní eré 100 km ní wákàtí kan, láìyí i padà, fún ìṣẹ́jú 15. Kí ọ́ìlì má fi ju 8°C gbóná ju omi lọ. Tó bá ti kọjá 8, oil cooler ti ń dí. Tó bá ti ń lọ sí 15, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn yín.

Ìkejì ni FICM, àpótí iná tó ń darí ínjẹ́tọ̀ mẹ́jọ. Iná 48 fóòtì ló yẹ kó máa gbé jáde. Ẹ wò ó nígbà tí ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, nígbà tí ẹ ń ṣíná sí i, àti lẹ́yìn tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wálẹ̀ sí 45 nígbà tí ẹ ń ṣíná, ó ti ń rẹ̀ ẹ́, ìyẹn á sì máa ba ínjẹ́tọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bátìrì méjì ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tí ọ̀kan bá kú, ìkejì á máa gbé e bí ẹni pé kò sí nǹkan, FICM ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ pa á nígbà tó gbóná gan-an, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún ṣíná sí i. Ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì yìí fi ń ti ínjẹ́tọ̀, agbára tí ọ́ìlì náà fi ń tì í sì gbọ́dọ̀ tó 500 psi kó tó lè gbaná. Àwọn tó jáde ní 2005 dé 2007 ní ìsopọ̀ kan lẹ́yìn pọ́ǹpù ọ́ìlì, STC ni wọ́n ń pè é, tó máa ń tú. Tó bá ti tú, ọkọ̀ á gbaná nígbà tó tutù, tó bá ti gbóná á kàn máa yí lásán. Ṣíṣe rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀ nínú irin, àtidé ibẹ̀ ni iṣẹ́.

Lówùúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná sí i, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́, wọ́n ti gbé e ṣiṣẹ́ kí ẹ tó dé, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá tutù, ẹ ṣí ìdérí ike omi. Tó bá fọn "ṣììì" lẹ́yìn tó ti sùn mọ́jú, atẹ́gùn ìjóná ti ń wọ inú omi, gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Ẹ wo ẹnu ike náà pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí ohun funfun tó gbẹ sára rẹ̀, ó ti ń pọ omi.

Ìyá Akẹ́rù:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ láìwo ẹrù. Ọmọ mi, 4,200 kg fún 40 km, ṣé ìyẹn ló ń wá díṣẹ́lì? Lóòótọ́, agbára yíyí 6.0 jẹ́ 773 Nm, ti 6.2 jẹ́ nǹkan bí 549. Ìyàtọ̀ yẹn á hàn lórí òkè gígùn tí ẹrù bá tó 6 tọ́ọ̀nù. Fún ẹrù tìrẹ, jíà mẹ́fà tó wà nínú ti 2012 á gbé e, á kàn máa ké díẹ̀ ni. Wo ìwé tó wà lára òpó ilẹ̀kùn fún ìwọ̀n jíà ásùlù tó ní (iye ìgbà tí ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan). 3.73 ṣe é lò, 4.30 dára jù fún fífà.

Ẹrù tó máa ń pa pikọ́ọ̀pù ni èyí tó ń jókòó lé e lẹ́yìn. Tírélà tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ bọ́m̀pà máa ń gbé 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lé ọkọ̀. Tìrẹ á jẹ́ 420 kg dé 630 kg. Ká mú 500. Ènìyàn mẹ́rin, 80 kg ẹnì kọ̀ọ̀kan, 320. Ó di 820. Tí ìwé ara ilẹ̀kùn bá ní kí ènìyàn àti ẹrù má ju 1,300 kg lọ, 480 kg ló kù fún irinṣẹ́ àti garawa díṣẹ́lì ẹ̀rọ. Ẹ́ńjìnnì díṣẹ́lì wúwo ju ti pẹtiróòlù lọ, nítorí náà àyè ẹrù rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Àwọn tó ń ra díṣẹ́lì nítorí agbára kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Kí o sì ka ohun tí wọ́n kọ sára irin ìsotírélà. Nọ́ḿbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀: ti ìsolásán, àti ti èyí tó ní irin tó ń pín ẹrù. Ti ìsolásán lè kéré gan-an sí 4,200. Bákan náà, rí i pé brékì tírélà ń ṣiṣẹ́ láti inú ọkọ̀. Tírélà tó wúwo báyìí, brékì pikọ́ọ̀pù nìkan kò lè dá a dúró.

Ọmọ Abẹ́ Ọkọ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làákàyè. Èmi á sọ ti ìsàlẹ̀, nítorí méjèèjì ló kàn.

Ẹ mú òòlù kékeré àti tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ kan òòlù mọ́ ṣásí látẹ̀yìn wá síwájú, pàápàá níbi tí irin tó di sípíríǹ ẹ̀yìn mú wà. Irin tó yè á dún "gọ́, gọ́". Èyí tí ìpẹtà ti jẹ á dún bí páànù, ìgbà mìíràn òòlù á wọlé. Tí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ gbó, ẹ fi nǹkan ha á.

Fún bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, ẹ fi jáàkì gbé ásùlù iwájú, kí ẹ fi ọ̀pá gígùn gbé táyà láti ìsàlẹ̀. Tó bá ń jó sókè sódò, ó ti tán. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹnì kan jókòó kó máa yí ọwọ́ ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì wo irin gígùn tó so ásùlù mọ́ ṣásí, track bar. Tó bá ń mì ní ìdí, ọkọ̀ náà á máa gbọ̀n ní iwájú lójijì tó bá bọ́ sí kòtò lórí eré. Ẹlòmíràn á kàn ra damper (ohun tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n ọwọ́ ọkọ̀) tuntun sí i kó lè tà á. Damper tuntun lára ọkọ̀ tó gbó, ẹ fura.

4x4: ẹ lọ síbi yanrìn, ẹ má dán an wò lórí títì gbígbẹ. Ẹ yí i sí 4H (4x4 ti eré). Fún 4L (4x4 ti jíà kékeré), ẹ dúró, ẹ tẹ brékì, ẹ fi jíà sí N. Tí iwájú ò bá fà, ẹ fi ọwọ́ yí ìdérí àárín táyà méjèèjì láti AUTO sí LOCK. Tó bá fà nígbà náà, páìpù atẹ́gùn tàbí rọ́bà ibẹ̀ ló ń jò, àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Tí kò bá tún fà síbẹ̀, ẹ wá nǹkan mìíràn sọ.

Táyà: ẹ wo nọ́ḿbà mẹ́rin tó kẹ́yìn kóòdù DOT tó wà lára rẹ̀. 3519 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2019. Kí ó jẹ́ load range E, ìyẹn irú táyà tó lè gbé ẹrù wúwo.

Bàbá Dísù:
Ìyá, mo gbà yín gbọ́ lórí ẹrù, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká ba 6.0 lórúkọ jẹ́ pátápátá. Èyí tí wọ́n fi stud sí, tí oil cooler àti EGR cooler rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, ẹ́ńjìnnì gidi ni. Lítà 14 ọ́ìlì ló ń gbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì máa sún un síwájú nítorí ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì tó ti gbó ló ń pa ínjẹ́tọ̀ rẹ̀. Fílítà díṣẹ́lì rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan lórí ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan lábẹ́ ọkọ̀ lára ṣásí ní ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Olùbéèrè:
Mo dúpẹ́ o. A ti lọ wo méjèèjì pẹ̀lú mẹkáníìkì àti scanner.

Díṣẹ́lì: ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí a dé. Ike omi fọn díẹ̀. Lórí títì, omi 91°C, ọ́ìlì 108°C. FICM 46.5 nígbà tí à ń ṣíná, 47.5 lẹ́yìn náà. Rísíìtì gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà, kò sí oil cooler nínú rẹ̀.

Pẹtiróòlù: ó ń dún "tì-tì-tì" ní ọ̀tún fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tó bá tutù, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Wákàtí ẹ́ńjìnnì 7,100, wákàtí ìdúró (tó ń ṣiṣẹ́ láìrìn) 2,900. Ṣásí dún dáadáa. Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ lósì ń mì. Ìwé ara ilẹ̀kùn: 1,340 kg.

Atúbọ́nẹ́ẹ̀tì:
17°C, ike tó ń fọn, kò sì sí rísíìtì oil cooler. Ẹ fi díṣẹ́lì yẹn sílẹ̀. Ìdí tó fi ba gásíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ jẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, ó sì ti ń ba ìkejì jẹ́. Àfi tí wọ́n bá tà á ní owó ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú.

Ti pẹtiróòlù, ìró tó máa ń dákẹ́ tí irin bá gbóná, stud tó di exhaust manifold (irin tó ń kó èéfín jáde) mú ló já, èéfín ló ń jò níbẹ̀. Stud tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ ó rí èérí dúdú ní ẹ̀bá rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún títí tí ẹ́ńjìnnì tún ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ sípíríǹ fáàfù ni, ìyẹn wúwo jù. Kí mẹkáníìkì wo misfire (bóyá sìlíńdà kan kò gbaná dáadáa) lórí scanner kí ẹ tó sanwó. 2,900 wákàtí ìdúró pọ̀ díẹ̀. A máa ń ka wákàtí kan sí nǹkan bí 40 km, nítorí náà ẹ fi 116,000 km kún mítà nígbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà.

Ìyá Akẹ́rù:
1,340 kg, àyè wà fún un. Rà á, kí o yọ owó stud àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì kúrò nínú owó tí wọ́n pè. Ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tún àti òsì.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Misfire kò sí, a yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Plọ́ọ̀gì ńkọ́, ṣé kí n pààrọ̀ wọn?

Atúbọ́nẹ́ẹ̀tì:
Bẹ́ẹ̀ ni, tí kò bá sí ìwé pé wọ́n ti pààrọ̀ wọn. 16 ni, ẹ má ra 8: sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ní méjì. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ fọn atẹ́gùn sí ihò wọn kí ẹ tó tú u, kí iyanrìn má bàa wọlé. Ọ́ìlì lítà 6.6. Kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì jíà àti ti ásùlù méjèèjì kí ẹ tó so tírélà mọ́ ọn.