Bàbá tó lè bí mi wà lábẹ́ mi níbi iṣẹ́: báwo ni kí n ṣe máa tọ́ wọn sọ́nà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ni mo wà, èmi ni súpáfáísọ̀ ṣífù alẹ́. Bàbá kan wà lára àwọn tó ń yan búrẹ́dì, wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an kí n tó dé. Wọ́n mọṣẹ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ìyẹ̀fun tá a pò, wọ́n á mọ̀ bóyá ó ti wú tó. Àmọ́ wọn kì í kọ iye tí wọ́n yan sínú ìwé, wọ́n sì máa ń kúrò nídìí ààrò lọ gbé fóònù, ni búrẹ́dì á bá jó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní, "Àkọ́bí mi jù ẹ́ lọ," àwọn ọmọ iṣẹ́ á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ náà ò wá fẹ́ gbọ́ tèmi mọ́.

Ọ̀gá àgbà ní kí n máa yọ owó búrẹ́dì tó bá jó nínú owó oṣù bàbá. Ara mi ò gbà á. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé wọn, mi ò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìfaradà, àǹtí. Níbo lẹ ti ń bá wọn sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ nídìí ààrò ni, lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, bàbá ò ní dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ṣífù parí, kí ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kí ìkúnlẹ̀ yẹn má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an: "Bàbá, lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ jáde, búrẹ́dì jó." Ẹ má sọ pé wọn ò ka iṣẹ́ sí. Èébú nìyẹn, èébú ni wọ́n á sì fi dáhùn.

Akọ̀wé: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tó bàjẹ́ sílẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún wọn ní kúẹ́rì, ìyẹn ìwé tó ń béèrè àlàyé, kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Abala 5 nínú Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ti Nàìjíríà, kò gba ọ̀gá láyè láti máa yọ owó ìtanràn lára owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tí kò bìkítà, wọ́n lè yọ iye tó bá yẹ, àmọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹni tó bá sì ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 1 gbáko ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, abala 11 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá Atẹ̀wé: Ọmọ tí mo lè bí lọ̀gá tèmi náà nílé ìtẹ̀wé. Ọmọ mi, ìbáwí kọ́ ló ń dun àgbà. Ohun tó ń dùn wá ni kí ètò tuntun dé, kí ẹnikẹ́ni má bi wá ní nǹkan kan. Nígbà tí ọ̀gá mi fẹ́ ká máa kọ iye ìwé tó bàjẹ́ sílẹ̀, ó bi mí níbi tí mo fẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ náà wà. Mo ní kó so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Mo ń kọ ọ́ dòní.

Ẹ bi bàbá yẹn ìdí tí wọn kì í fi í kọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ojú wọn ò ríran dáadáa lálẹ́, tàbí kó jẹ́ pé wọn ò mọ̀wé kọ, tójú sì ń tì wọ́n. Ẹ tún bi wọ́n ẹni tó ń pè wọ́n lóru. Ó lè jẹ́ pé aláìsàn wà nílé.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Màá bi wọ́n. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ̀gá àgbà?

Akọ̀wé: Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣàlàyé òfin yẹn fún wọn, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé bí bàbá bá gba ẹ̀yìn yín wá bá wọn, kí wọ́n dá bàbá padà sọ́dọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́ ẹ tó jókòó sọ̀rọ̀ ọ̀hún, ẹ yan ẹnì kan tó máa dúró nídìí ààrò bí bàbá bá fẹ́ sáré jáde. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn lálẹ́ òní.