Abọ́ Pupa Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀ fún Àbúrò Mi

Ìyá Ìbejì, Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́:

Tèmi rèé. Àbúrò mi ọkùnrin wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó lọ ṣàyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló yẹ kó ti lọ. Ikọ́ fée ni. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ju ohùn kan sórí WhatsApp ẹbí wa: ẹ ya abọ́ àti ife onítọ̀hún sọ́tọ̀, ẹ má bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, orógbó pẹ̀lú oyin fún ọjọ́ 21, ikọ́ á wábi gbà. Èmi gan-an fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ta.

Màámi ra abọ́ rọ́bà pupa kan lọ́jà, wọ́n fi bírò kọ orúkọ rẹ̀ sídìí ẹ̀. Láti kékeré la ti jọ ń bu láfún jẹ nínú àwo kan. Ó wá ń dá jẹun lẹ́yìnkùlé. Kò bínú, kò ráhùn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbé fóònù lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń fún un lóògùn, mo ní kí wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Òótọ́ ni pé ó ń ràn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, tí ẹni tó ní in bá wúkọ́. Abọ́ kì í gbé e. Ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sí nǹkan. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ máa ṣí." Kòkòrò ló ń fà á, kì í ṣe àfiṣe, Koch, dókítà ará Jámánì, ti fi hàn aráyé láti 1882. Ọ̀fẹ́ loògùn rẹ̀, oṣù mẹ́fà: oríṣi mẹ́rin fún oṣù méjì, oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Wọ́n ní kí gbogbo ilé wá ṣàyẹ̀wò, a sì lọ. Mo tún ka ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ, ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Òótọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ohùn yẹn, pé ó ń ràn, òun la tìtorí ẹ̀ gba ìyókù gbọ́. Mo wá àwọn mẹ́ta yẹn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sọ fún wọn.

Télọ̀ Sábó:

Tèmi, nígbà tí èmi náà ń lo oògùn ikọ́ fée, ìtọ̀ mi ló pọ́n bí omi ọsàn. Aládùúgbò ní ẹ̀jẹ̀ ni, kí n dá oògùn dúró. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lò ó! Dókítà ní oògùn ló ń pa á láró, kò léwu, dídá a dúró gan-an ló léwu. Mo lò ó tán.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú oríire, ọ̀gá mi. Ti àbúrò mi náà pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó ti lò ó tán. Adìẹ ló ń mu omi nínú abọ́ pupa yẹn báyìí.