Ultrasound àti ìdádúró ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ abẹ àyà ọmọdé

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún kan, kílò 9, ẹ̀dọ̀fóró òsì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Bronchial blocker 5 Fr (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní bálúùnù lórí, tó ń dí ọ̀nà èémí ẹ̀dọ̀fóró kan; Fr ni ìwọ̀n sísanra rẹ̀) máa gba ẹ̀gbẹ́ túùbù èémí wọlé, torí túùbù 4.0 ò lè gba òun àti bronchoscope (kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wo inú ọ̀nà èémí) pọ̀. Nínú àyà tó kéré báyìí, stethoscope máa ń gbé ariwo èémí ọ̀tún kọjá sí òsì. Ṣé ultrasound lè jẹ́rìí sí i pé atẹ́gùn ò wọ òsì mọ́? Kí la ó máa wò?

Èsì 1
Ó lè jẹ́rìí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo àyà méjèèjì kí ẹ tó fẹ́ bálúùnù. Probe linear kékeré (orí ẹ̀rọ tó tẹ́jú, tí a ń gbé sára), bíi 10 MHz sókè, ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e lóròó sí àárín egungun ìhà kejì sí ìkẹrin níwájú, lẹ́yìn náà sí abẹ́ abíyá. Ìlà funfun tó wà láàárín òjìji egungun ìhà méjì ni awọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé, ìlà náà á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀. Nínú M-mode (àwòrán tó ń fi ìrìn hàn bí àkókò ṣe ń lọ), abẹ́ rẹ̀ á rí bí iyanrìn.

Bálúùnù ti kún? Òsì kò gbọdọ̀ yọ̀ mọ́, ọ̀tún gbọ́dọ̀ ṣì máa yọ̀. Ẹ wá wò bóyá ìlà òsì ń gbọ̀n tẹ̀lé lílù ọkàn. Àmì yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù: awọ méjèèjì (ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti inú àyà) ṣì kanra, atẹ́gùn ni kò wọlé. Tí kò bá yọ̀, tí kò sì gbọ̀n, ẹ fura sí pneumothorax (atẹ́gùn tó há sáàárín awọ méjèèjì). Ẹ má ṣèdájọ́ nígbà tí ẹ̀rọ èémí bá dúró o. Kò sí èyí tó máa yọ̀ nígbà náà.

Èsì 2
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbé bronchoscope kúrò nítòsí. Ultrasound ò lè sọ ibi tí bálúùnù jókòó sí. Tí bálúùnù bá yọ padà sínú ọ̀nà èémí ńlá, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á dákẹ́, ìlà capnograph (ẹ̀rọ tó ń wọn CO2 nínú èémí) á wálẹ̀: ẹ tú afẹ́fẹ́ inú bálúùnù jáde kíákíá.

Nínú empyema (ọyún tó kó sí inú àyà), awọ lè ti lẹ̀ mọ́ra, kó má yọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì.

Ẹ tún un wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí wọ́n tó da aṣọ bò ó. Títẹ ọrùn síwájú nìkan lè ti túùbù wọlé sí i. Tí àyà bá ti ṣí, àwòrán ẹ̀gbẹ́ yẹn ò wúlò mọ́.

Èsì 3
Tó bá jẹ́ ọ̀tún ńkọ́?

Èsì 2
Ẹ yẹ òkè níwájú àti ìsàlẹ̀ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀ka tó lọ sí òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún tètè yà, bálúùnù tó wọlé jù á fò ó. Bí òkè bá ń yọ̀ tí ìsàlẹ̀ dákẹ́, ẹ fi bronchoscope fà á padà díẹ̀.