Ọ̀sẹ̀ 17: Ohun Tí Ojú Ọmọ Ọdún 18 Ń Rí ní Ibùdó Ìdálẹ́kọ̀ọ́ Ológun Amẹ́ríkà Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì

Oṣù kọkànlá ọdún 1942 ni òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa pe ọmọ ọdún 18 sógun. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n ń pè tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, wọ́n á fá irun rẹ̀, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà kan tí kò gbọdọ̀ gbàgbé láé. Irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n á fi kọ́ ọ lọ́rùn: orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà yẹn, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti lẹ́tà kan tó ń sọ ẹ̀sìn rẹ̀, kí ẹni tó bá rí òkú rẹ̀ lè mọ irú àdúrà tó yẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé adójútòfò. Bí ọmọ-ogun tó gbà á bá kú, owó tí wọ́n ń san lè tó $10,000, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò san án fún. Owó oṣù rẹ̀ kò ju $50 lọ. Lójú tèmi, orí ìwé yẹn ni ìgbà èwe ti ń parí, kí wọ́n tó fún un ní ìbọn rárá. Ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí Camp Wheeler, ọ̀kan lára àwọn ibùdó ìdálẹ́kọ̀ọ́ náà, wà, wọ́n sọ ọjọ́ orí ìdìbò di 18 lọ́dún 1943. Níbòmíràn, ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn kò tíì dàgbà tó láti dìbò. Ó di ìgbà tó bá pé ọmọ ọdún 21.

Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dá ọmọ-ogun tuntun dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn bàtà fún un, wọ́n á ní kó gbé ẹrù lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀, ó sì máa ń gùn, bí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́. Bàtà tó bá ọ mu nígbà tí o jókòó á há ọ ní máìlì kẹwàá. Ooru, omi òógùn àti aṣọ tó ń ha ara, àwọn mẹ́ta yìí ló ń fa ìléròrò. Nítorí náà, fọ ìbọ̀sẹ̀ lálaalẹ́, má ṣe wọ èyí tí wọ́n fi òwú dí ihò rẹ̀ ní gìgísẹ̀, bí ojú kan bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, lẹ pílásítà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ti kún fún omi, etí rẹ̀ ni kí o fi abẹ́rẹ́ tí o ti yan nínú iná gún. Má bó awọ rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ìsinmi àkọ́kọ́ ń wáyé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45, kí oníkálùkù lè tún ẹrù àti bàtà dì. Láti ibẹ̀ lọ, ìrìn ìṣẹ́jú 50, ìsinmi ìṣẹ́jú 10. Àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń jìyà jù. Bí iwájú bá dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn á dúró; bí iwájú bá tún yára, ẹ̀yìn á sáré kó tó bá wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀gá tó mọṣẹ́ fi ń gbé àwọn tó wà lẹ́yìn wá síwájú lóòrèkóòrè.

Ti omi nìyí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbà pé bí ọmọ-ogun bá ń mu omi díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ́ra. Irọ́ ni. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Edward Adolph, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Rochester dán an wò ní aṣálẹ̀ California: ara kì í kọ́ bí a ṣe ń wà láìsí omi. Ooru ló lè mọ́ ara, ìyẹn sì ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ní 1946, àwọn dókítà ológun tẹ ìwádìí kan jáde lórí òkú 125 tí ooru pa. Ọmọ tuntun, ọmọ tó sanra, ọmọ tó ti ilẹ̀ òtútù dé, àwọn ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lójú ìrìn, má pè é ní ọ̀lẹ. Gbé e sí abẹ́ òjìji, bọ́ aṣọ rẹ̀, da omi sí i lára, fẹ́ ẹ.

Ìbọn M1 wọn tó kílò 4.3, ọta 8 ló sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ọmọ tó yin ọta kan ṣoṣo, ó ti lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ìbọn òfìfo. Wọ́n á gbé ìbọn sórí àpótí kó má lè mì, ọmọ á fi ojú wò ó láìfọwọ́ kàn án, á máa darí ẹnìkejì rẹ̀ tó mú àwo kékeré kan lọ́wọ́ lórí bébà lọ́ọ̀ọ́kán: “Sún un sókè, sún un sọ́tùn-ún.” Bó bá ti tọ́ lójú rẹ̀, wọ́n á fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń ṣe é. Bí àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jìnnà síra, ojú rẹ̀ kò tíì dúró síbì kan.

Fífa irin tí wọ́n fi ń yin ìbọn ló le jù. Mí sínú, tú díẹ̀ síta, dá èémí dúró, fà á díẹ̀díẹ̀ débi tí ìró rẹ̀ á fi bá ọ lójijì. Olùkọ́ tó gbọ́n máa ń fi ọta tí kò ní ẹ̀tù sínú ìbọn láìsọ fún ọmọ. Ìbọn kò ní dún, ṣùgbọ́n èjìká á fò sókè, gbogbo ayé á sì rí i pé ìbẹ̀rù ló ń yìnbọn.

Àtàǹpàkò náà wà nínú ewu. Láti pa ìbọn tó ṣófo dé, fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ti irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn gbọn-in, kí o tó fi àtàǹpàkò tẹ ohun tó ń ti ọta sókè. Yọ àtàǹpàkò náà ná, lẹ́yìn náà kí o wá tú irin sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ti irin yẹn sẹ́yìn, èékánná rẹ̀ á dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, wọ́n á rákò gba abẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún nígbà tí ọta gidi ń fò lókè orí, tí ẹ̀tù sì ń bú nínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Irin ni wọ́n fi dènà ìbọn arọ̀jò-ọta náà kí ẹnu rẹ̀ má lè wá sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Gbé ìbọn sórí apá méjèèjì, kí ẹrẹ̀ má wọ ẹnu rẹ̀. Bí o bá dé abẹ́ wáyà, fi ẹ̀yìn lélẹ̀, fi ìbọn gbé wáyà sókè, fi gìgísẹ̀ ti ara rẹ. Ewu kan tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ̀rù mú ènìyàn dìde.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 17 bá pé, àwọn tó ti jọ sùn, tí wọ́n ti jọ fọ ìbọ̀sẹ̀, wọn kì í sábà lọ pa pọ̀. Wọ́n á tú wọn ká, ẹnì kan síhìn-ín, ẹnì méjì sọ́hùn-ún, láti dípò ẹni tó ti kú tàbí tó fara gbọgbẹ́. Ọmọ náà lè dé ojú ogun lóru, sáàrin àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kí ilẹ̀ sì mọ́ bá a níbi ìjà.